Ta Ni Ń Sọ Ìtàn Ọdẹ? Ìwé Markoosie àti Sinimá Méjì láti Ilẹ̀ Inuit

Àwọn Inuit ni ọmọ onílẹ̀ tí ń gbé etí òkun ìhà àríwá Kánádà, níbi tí omi òkun ti máa ń dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. A kì í dáko níbẹ̀. Ẹran inú òkun ni oúnjẹ wọn, awọ rẹ̀ ni aṣọ, ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tan fìtílà láti ìgbà ìwáṣẹ̀: síìlì, ẹran omi tí orí rẹ̀ fara jọ ti ajá, walrus, tí eyín rẹ̀ gùn jáde bí ti erin, àbùùbùtán, àti béárì funfun, tí ó jẹ́ pé orí omi dídì ni òun náà ti ń ṣọdẹ síìlì bí ènìyàn ti ń ṣe. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àríyànjiyàn ti ń lọ lórí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ iye tí a lè pa nínú àwọn ẹran wọ̀nyí lọ́dún. Àwọn amòfin ti sọ tiwọn, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kan lámèyítọ́ pẹ̀lú, nítorí pé kí òfin tó sọ irú ẹni tí ọdẹ Inuit jẹ́, sinimá àti ìwé ìtàn ti sọ ọ́ ṣáájú.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ṣe kókó nínú ọ̀ràn yìí. Èkíní ni Nanook of the North, sinimá tí Robert Flaherty, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1922. Èkejì ni Harpoon of the Hunter, ìtàn àròsọ tí Markoosie Patsauq, ọmọ Inuit, kọ ní èdè abínibí rẹ̀, Inuktitut, tí ó sì jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1970. Ẹ̀kẹta ni Angry Inuk, sinimá tí Alethea Arnaquq-Baril, obìnrin Inuit, ṣe ní 2016. Ọdẹ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé lórí. Ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ipò tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọdẹ sí nínú wọn. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe níbi ẹran tí a pa.

Etí òkun Inukjuak, ní ìhà àríwá Quebec, ni Flaherty ti ya sinimá rẹ̀ ní 1920 sí 1921. Revillon Frères, ilé-iṣẹ́ Faransé tí ń ra awọ onírun lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, ni ó san owó iṣẹ́ náà. Allakariallak ni orúkọ ọkùnrin tí ó ṣe Nanook gan-an. Ògbójú ọdẹ ni lóòótọ́. Ní àkókò náà àwọn ọdẹ Inukjuak ti ń lo ìbọn, wọ́n sì ti mọ ọjà òyìnbó dáadáa. Flaherty kò fẹ́ kí ìbọn hàn. Ọ̀kọ̀ olókùn ni ó ní kí wọ́n fi dojú kọ walrus, nítorí pé ọdẹ ìgbà àwọn baba wọn ni ó fẹ́ fi han aráyé. A gbọ́ pé nígbà tí ẹran náà ń wọ́ àwọn ọdẹ lọ sínú omi, wọ́n ń ké sí i pé kí ó yìnbọn fún un, òun sì ń ya àwòrán rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìtàn ìta yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí ó wà nínú sinimá náà. Sinimá aláìlóhùn ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí òǹwòran ń kà lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí ó ṣe é ni. Nanook ń rẹ́rìn-ín, Nanook ń sá eré, Nanook ń gé awo orin jẹ nílé oníṣòwò bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n Nanook kò sọ nǹkan kan. Òǹwòran kò mọ ìdí tí ó fi gba ọ̀nà kan dípò èkejì, kò mọ ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ó dà bí ẹni pé ebi nìkan ni ó ń darí rẹ̀.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tìtorí èyí fọwọ́ rọ́ iṣẹ́ náà sẹ́yìn. Ibi tí Nanook ti ń fi ọ̀bẹ gé yìnyín kọ́ ilé, tí ó sì wá yìnyín tí ó mọ́ gaara ṣe fèrèsé sí i, kò rọrùn láti rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú sinimá títí di òní. Flaherty fẹ́ràn àwọn ènìyàn náà, ìfẹ́ rẹ̀ sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó fẹ́ràn ni ọdẹ tí kò ní ìbọn, tí kò ní ọjà, tí kò sì ní èrò kan nípa ọ̀la. Àwòrán ọdẹ bẹ́ẹ̀ ni ó wọ ọkàn àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí ó sì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí òfin dé, a rí àpẹẹrẹ àwòrán náà nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1973, ní ìlú Oslo, orílẹ̀-èdè márùn-ún tí béárì funfun wà ní àgbègbè wọn, èyíinì ni Kánádà, Amẹ́ríkà, Denmark, Norway àti Soviet Union ìgbà náà, fọwọ́ sí àdéhùn láti dáàbò bo ẹranko náà. Àdéhùn tí ó yẹ ni, nítorí pé pípa ni a ń pa béárì nípakúpa nígbà náà. Ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ará ilẹ̀ náà láti máa ṣọdẹ rẹ̀ lọ, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà àbáláyé ni wọ́n gbà ṣe é. Kí ni ọ̀nà àbáláyé? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ Nanook, a jẹ́ pé ọdẹ tí ó bá yìnbọn ti jáde kúrò nínú àṣà àwọn baba rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìbọn ti wà ní Inukjuak kí Flaherty tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ débẹ̀. Kánádà fúnra rẹ̀ túmọ̀ àdéhùn náà débi pé àlejò olówó láti ìlú òkèèrè lè pa béárì, bí ó bá ti jẹ́ pé ọdẹ Inuit ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà, tí ajá sì ń fa ọkọ̀ orí yìnyín tí ó gùn. Ajá ni ó sọ ọ́ di ti àbáláyé. Ẹni tí ó bá ti wo Nanook yóò mọ ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí Flaherty ti lọ ni a bí Markoosie ní agbègbè Inukjuak kan náà. Ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀ ní àkàyé. Ní 1953, nígbà tí ó ṣì wà lọ́mọdé, ìjọba Kánádà kó ẹbí rẹ̀ àti àwọn ẹbí mìíràn kúrò ní Inukjuak, wọ́n kó wọn lọ sí Resolute àti Grise Fiord ní òkè àríwá pátápátá, ọ̀nà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún máìlì kan, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún oṣù mélòó kan nígbà òtútù. Wọ́n sọ fún wọn pé ẹran pọ̀ níbẹ̀, àti pé bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò dá wọn padà lẹ́yìn ọdún méjì. Ìlérí náà kò ṣẹ. Ní ibi tuntun náà, ìjọba tí ó ní kí wọ́n máa fi ọdẹ ṣíṣe gbọ́ bùkátà wọn ni ó tún fi òfin de màlúù onírun gígùn tí ó wà níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Ọmọkùnrin tí Flaherty bí sí Inukjuak, tí baba náà kò padà wá wò, wà lára àwọn tí a kó lọ sí Grise Fiord ní 1955. Ó di 2010 kí ìjọba tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Markoosie ní tirẹ̀ dàgbà ní Resolute, ó kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú, ó sì wà lára àwọn Inuit àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé-àṣẹ láti máa wa ọkọ̀ bàálù ní Kánádà. Awakọ̀ òfuurufú ni nígbà tí ó kọ ìtàn ọmọdékùnrin tí ó kù lórí yìnyín pẹ̀lú ọ̀kọ̀ kan ṣoṣo.

Ìtàn náà kò gùn. Béárì funfun kan ya wọ ibùdó àwọn Inuit lóru, ó sì kọlu àwọn ajá wọn. Àwọn ọdẹ rí i pé ìṣe rẹ̀ kì í ṣe ti ẹranko tí ara rẹ̀ dá: àrùn dìgbòlugi ti wọ̀ ọ́. Kamik, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bá Salluk baba rẹ̀ àti àwọn ọdẹ yòókù lọ lépa ẹranko náà. Ikú ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku Kamik nìkan. Ní ibùdó, àwọn tí ó ń retí wọn ránṣẹ́ sí àwọn ará Kikitajoak ní òdìkejì omi, àwọn wọ̀nyí sì jáde wá àwọn ọdẹ náà, wọ́n sì rí Kamik. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ibùdó ń gba orí omi dídì kọjá lọ sí Kikitajoak láti lọ bá wọn gbé, yìnyín là, omi sì gba Ooramik ìyá rẹ̀ àti Putooktee, ọmọbìnrin tí ì bá fi ṣe aya. Kamik kò bá àwọn tí ó kù lọ mọ́. Ọ̀kọ̀ tí ó fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹranko ni ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tí ó ti ka ìwé yìí ni ó ń rántí ìjà béárì. Ìjà náà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpó tí ìtàn dúró lé wà ní ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń rò ó bóyá kí wọ́n lọ. Kì í ṣe nítorí ẹran jíjẹ ni wọ́n ṣe fẹ́ lépa béárì yìí. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, àrùn ara rẹ̀ yóò ran àwọn ẹranko mìíràn, ilẹ̀ ọdẹ gbogbo yóò sì bàjẹ́. Ọdẹ tí ó ń ro ìlera àwọn ẹran tí òun kò tí ì pa ni Markoosie gbé kalẹ̀ yìí. Nínú sinimá Flaherty, kò sí ibì kan tí èrò bẹ́ẹ̀ ti lè hàn, nítorí pé èrò kò ṣeé yà láwòrán bí ẹni tí ó ní in kò bá sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn ìjọba ń pè ní ìṣàkóso ẹranko lónìí, tí wọ́n sì rò pé ọ́fíìsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu tí Markoosie gbọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Asọ̀tàn arínúróde ni ó lò. Ó ń fò láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ní ibùdó, ó ń lọ sí Kikitajoak, ó sì ń padà. Ìfò yìí kì í jẹ́ kí òǹkàwé sọ ọ́ di ìtàn akọni kan ṣoṣo. Bí Kamik ti ń rìn lórí yìnyín, òǹkàwé mọ̀ pé àwọn kan ń jíròrò níbòmíràn lórí bí wọn yóò ṣe wá a. Ìpinnu wọn sì lè gbà á là tàbí kí ó pa àwọn náà. Ọ̀kọ̀ inú àkọlé ìwé náà kì í ṣe àmì àṣà àtijọ́ tí a gbé síta fún àlejò wò. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ọmọ náà ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yóò yára ronú kan ìjálá, kò sì burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra. Oníjàálá a máa bá ẹran sọ̀rọ̀, a máa kì í, a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Gbólóhùn Markoosie kúrú, kò kì ẹnikẹ́ni, kò sì fi nǹkan kan ṣeré. Àkàwé tí ó bá a mu jù ni ti Fágúnwà nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Níbẹ̀, Àkàrà-ògùn ọdẹ ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, òǹkọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tí a rán níṣẹ́. Fágúnwà fi àṣẹ ìtàn sí ọwọ́ ọdẹ. Flaherty gbà á lọ́wọ́ ọdẹ. Ní ti Markoosie, ọmọ ọdẹ náà ni akọ̀wé.

Ìwé náà ní àléébù tirẹ̀. Ikú yára jù nínú rẹ̀; kí òǹkàwé tó mọ ẹni kan dunjú, ẹranko ti pa á. Àwọn ọdẹ tí ó yí Salluk ká kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra nínú ìwà. Àwọn obìnrin ń retí, wọ́n ń sunkún, omi sì gbé wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá mọ ìgbésí ayé Inuit mọ̀ pé láìsí obìnrin tí ń ha awọ tí ó sì ń rán aṣọ, kò sí ọkùnrin tí ó lè jáde lọ ṣọdẹ nínú òtútù yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìhà tí Markoosie kò kọ, kí ó wá Sanaaq, ìwé tí Mitiarjuk Nappaaluk bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní Inuktitut láàrin ọdún 1950 sí 1960, tí kò sì jáde títí di 1984. Ní ti ikú Kamik ní ìparí, kò sí ìdí láti pè é ní àṣejù. Ọdẹ tí ó ti pàdánù gbogbo àwọn tí ó ń tìtorí wọn ṣọdẹ ni òǹkọ̀wé fi hàn; bí kò bá sí ẹbí tí yóò jẹ ẹran, ọdẹ kò nítumọ̀ mọ́.

Ǹjẹ́ ìmọ̀ tí àwọn ọdẹ inú ìwé Markoosie fi ń jíròrò tó ohun tí a lè fi ṣe òfin? Ìbéèrè yìí kọjá lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní ìdáhùn kan ní Àlásíkà, láàrin àwọn Inupiat tí wọ́n jẹ́ ìbátan Inuit Kánádà. Ní 1977, International Whaling Commission, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń ṣe òfin lórí àbùùbùtán, ní kí wọ́n má pa irú èyí tí a ń pè ní bowhead mọ́ rárá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ka ìwọ̀nba tí ń gba ojú omi kọjá lẹ́bàá etíkun, wọ́n sì rò pé gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀rún méjì. Àwọn ọdẹ ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ọ̀pọ̀ ń gba abẹ́ yìnyín kọjá, wọ́n ń fi orí fọ́ ọ láti mí, òmíràn sì ń gba ọ̀nà jíjìn tí ojú kò ká. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Alaska Eskimo Whaling Commission sílẹ̀. A dá ẹ̀tọ́ ọdẹ padà fún wọn pẹ̀lú òdiwọ̀n kékeré, àti ní 1981 wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn àjùmọ̀ṣàkóso. Nígbà tí a wá ri ẹ̀rọ agbóhùn sínú omi, a gbọ́ ohùn àwọn ẹran tí ojú kò rí lábẹ́ yìnyín. Ìkànìyàn ẹran náà ní 2001 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ti 2011 sún mọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ti bí sí i lóòótọ́ láàrin ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìṣirò 1977 àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ohun tí àwọn ọdẹ ti wí.

Angry Inuk ti 2016 dá lé síìlì. Ní 1983, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de awọ ọmọ síìlì funfun lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹranko ti fi àwòrán rẹ̀ ru ọkàn aráyé sókè. Òfin náà yọ Inuit sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kò mọ̀ pé a yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Iye owó gbogbo awọ síìlì já wálẹ̀. Ní 2009 wọ́n ṣe òfin mìíràn tí ó kan gbogbo ohun tí a fi síìlì ṣe, wọ́n sì tún yọ ti Inuit sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ọdẹ àbáláyé ni, tí ó sì wà fún àtijẹ àtimu wọn. Ní 2015 wọ́n fi kún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ pé nítorí òwò ni a ṣe ṣe ọdẹ náà ní pàtàkì. Ohun tí Arnaquq-Baril fi sinimá rẹ̀ sọ kò le láti lóye: ọdẹ ń ra bẹtiróòlù sí ọkọ̀ orí yìnyín rẹ̀, ó ń ra ọta ìbọn, owó awọ ni ó sì fi ń rà wọ́n. Ẹran ni wọ́n ń jẹ, awọ ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá ní kí ó jẹ ẹran ṣùgbọ́n kí ó má ta awọ ti gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Flaherty ti ṣe.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò. Òun fúnra rẹ̀ ni asọ̀tàn. Ohùn rẹ̀ ni a ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn náà kò sì ga. Ní ilẹ̀ Inuit, ẹni tí ó bá fi ìbínú sọ̀rọ̀ ni a máa ń fura sí pé ó jẹ̀bi. Láyé àtijọ́ orin ni àwọn méjì tí ó ní ẹ̀hónú sí ara wọn fi ń figagbága lójú agbo, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì gbóná ni ó pàdánù. Nítorí náà àkọlé sinimá náà, Inuk tí inú ń bí, ní ọ̀rọ̀ ìdàkejì nínú: inú ń bí i, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó tẹ̀lé Aaju Peter, agbẹjọ́rò tí ó tún ń rán aṣọ awọ síìlì, àti àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Yúróòpù láti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni a ti rí ìyà tí ohùn pẹ̀lẹ́ ń jẹ lọ́jà aláriwo. Ibi tí sinimá náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ẹni tí ń gbèjà ẹranko di ẹnì kan náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran ń fi ìbò yàn ní àjọ̀dún sinimá Hot Docs ní Toronto ní 2016.

Láàrin ìwé Markoosie àti sinimá yìí ni nǹkan tuntun kan ti dé sí ilẹ̀ náà. Ní 1993, àwọn Inuit àti ìjọba Kánádà fọwọ́ sí àdéhùn ilẹ̀ Nunavut, tí ó di agbègbè tí ó dá dúró ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1999. Àdéhùn náà dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án kan sílẹ̀, Nunavut Wildlife Management Board: àwọn ẹgbẹ́ Inuit yan mẹ́rin, ìjọba yan mẹ́rin, alága sì jẹ́ ẹni tí ìgbìmọ̀ náà fa kalẹ̀. Òun ni ó ń dá òdiwọ̀n lé béárì, àbùùbùtán àti walrus; ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pín in láàrin ọmọ ẹgbẹ́. Resolute, níbi tí a kó Markoosie lọ tipátipá, wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ pè é ní ìṣẹ́gun pátápátá kí ó ka àdéhùn náà dópin: mínísítà lè kọ ìpinnu ìgbìmọ̀ tàbí kí ó yí i padà, bí ó bá ti sọ ìdí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa wí pé béárì ń dín kù nítorí yìnyín tí ń yọ́, àwọn ọdẹ a máa wí pé wọ́n ń rí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́bàá ìlú, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnu méjèèjì máa sọ òtítọ́, nítorí pé béárì tí kò rí yìnyín dúró lé yóò sún mọ́ ilé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti ti Flaherty ni pé ọdẹ jókòó sídìí tábìlì, ó ń sọ Inuktitut, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ.

Ọ̀ràn ògbufọ̀ yìí náà ni ó wà lórí ìwé Markoosie. Nínú ìwé ìròyìn Inuttituut ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ jáde ní ìpín ìpín láàrin 1969 àti 1970. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó jáde láti McGill-Queen's University Press pẹ̀lú àwòrán tí Germaine Arnaktauyok yà, láti inú Gẹ̀ẹ́sì yìí ni a sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀ mìíràn. Àtúnsọ ni Gẹ̀ẹ́sì náà, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Fún àádọ́ta ọdún ni aráyé fi ń ka ọmọ ìwé náà tí wọ́n rò pé ìyá rẹ̀ ni. Àwọn olùkọ́ tí ó ti fi Fágúnwà wé ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe ní 1968 mọ irú ọ̀ràn yìí, àyàfi pé ní ti Fágúnwà ìwé ti Yorùbá kò fi ìgbà kan sọnù lọ́wọ́ òǹkàwé. Markoosie kú ní 2020. Ní 2021, Valerie Henitiuk àti Marc-Antoine Mahieu gbé ìwé náà jáde lákọ̀tun, Inuktitut rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tí wọ́n ṣe tààrà láti inú rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá gbọ́ Inuktitut lè kọ́kọ́ fi àkọlé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ti 1970 ń sọ nípa ọ̀kọ̀ tí ó jẹ́ ti ọdẹ. Ti 2021, Hunter with Harpoon, ọdẹ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó sọ pé ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.